Ìbọn Tí Rẹ̀mílẹ́kún Fẹ́ Rà ní Harpurhey

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run lọ́jọ́ tí àwọn olè fọ́ ilé Rẹ̀mílẹ́kún. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Iṣẹ́ àárọ̀ ló ń ṣe lọ́sẹ̀ yẹn: láàárọ̀ kùtù ló ti ń kó àwọn èèyàn láti Harpurhey lọ sí àárín ìlú Manchester, ó sì ti ṣíwọ́ kí àwọn ọmọ iléèwé tó jáde. Lọ́jọ́ náà, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó wọlé, atẹ́gùn tútù sì fẹ́ sí i lójú láti ilé ìdáná. Wọ́n ti já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà Moyinolúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin, lọ. Wọ́n kó ẹ̀gbà ọrùn tí ọkọ rẹ̀ rà fún un kó tó di olóògbé. Èyí tó wá ká a lára jù ni pé olè náà ṣí fíríìjì, ó mu ẹlẹ́rìndòdò, ó sì gbé ike rẹ̀ sórí tábìlì bí àlejò tí wọ́n pè wá jẹun.

Àwọn ọlọ́pàá wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Onílé rán káfíńtà wá tún ilẹ̀kùn ṣe. Ṣùgbọ́n káfíńtà kò lè tún àyà tó já ṣe. Moyinolúwa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, kò gbà láti dá wà nílé mọ́. Lọ́sẹ̀ tí ìyá rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, ilé ìkàwé ló máa ń jókòó sí títí ìyá rẹ̀ á fi wá mú un.

Rẹ̀mílẹ́kún pe àbúrò rẹ̀, Ṣẹ̀san, tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Houston, ní Amẹ́ríkà. Ṣẹ̀san gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ra ìbọn.”

“Ìbọn kẹ̀? Èmi?”

“Ẹ̀yin náà. Ṣé ẹ rántí bí àwọn adigunjalè ṣe dáná ìyà fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù? Àtìgbà tí mo ti ra tèmi ni ọkàn mi ti balẹ̀. Ẹ má wò ó pé ó tóbi. Ìbọn ìléwọ́ tó bá ọwọ́ yín mu ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Tí ìka yín ò bá dé ibi tí wọ́n ti ń fà á, kò wúlò. Èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí bíi táyà ni mo fẹ́ fún yín, torí kì í sábà há. Kẹ́ ẹ ra àpótí onírin tẹ́ ẹ máa tì í mọ́, nítorí Moyin. Kẹ́ ẹ sì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Ẹni tí ò kọ́ ọ, ewu ló gbé wọlé.”

Ó fi àwòrán oríṣiríṣi ránṣẹ́. Nígbà ìsinmi níbi iṣẹ́, Rẹ̀mílẹ́kún á gbé ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù, á máa fojú wọn ìka rẹ̀ mọ́ àwòrán. Ó yan ọ̀kan, dúdú kékeré, tí ibi ìdìmú rẹ̀ jẹ́ igi. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ìjà. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ṣakabùlà bàbá wọn ń bẹ lára ògiri pálọ̀. Lọ́dún tí àwọn adigunjalè ń yọ ìlú lẹ́nu, bó bá ti wo ìbọn yẹn, oorun á gbé e lọ wọ́ọ́rọ́. Irú oorun bẹ́ẹ̀ ló ń wá.

Ní Sátidé kan, ọlọ́pàábìnrin tó ń mójú tó àdúgbò jókòó sí ilé ìkàwé kí àwọn èèyàn lè wá bá a sọ̀rọ̀. Rẹ̀mílẹ́kún béèrè ọ̀nà tí èèyàn ń gbà gba ìwé àṣẹ ìbọn ìléwọ́. Obìnrin náà kò fi í rẹ́rìn-ín.

“Màdáàmù, kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1997 ni òfin ti gbẹ́sẹ̀ lé ìbọn ìléwọ́ fún ará ìlú níbí. Àgbẹ̀ lè gba àṣẹ ìbọn gígùn, ṣùgbọ́n tẹ́nikẹ́ni bá ní torí olè lòun ṣe fẹ́ ẹ, wọn ò ní fún un.”

“Agolo ata tí wọ́n ń fọ́n sójú èèyàn ńkọ́? Àbúrò mi fẹ́ fi í ránṣẹ́.”

“Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó má fi ránṣẹ́ o. Lójú òfin, ìbọn lòun náà. Ẹ̀yin lẹ máa wá jẹ́jọ́.”

Ara Rẹ̀mílẹ́kún gbóná. “Ṣé kí n kàn jókòó máa wò wọ́n níran ni?”

“Rárá o. Ibo ni wọ́n gbà wọlé?”

“Ẹ̀yìn.”

“Ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó.”

Wọ́n jọ gba ọ̀nà tóóró tó wà lẹ́yìn àwọn ilé náà. Àgádágodo géètì ibẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́. Bẹ́ẹ̀dì àlòkù àti pàǹtí ga débi tí èèyàn lè gun orí wọn, kó sì bẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé ẹnikẹ́ni. Ọlọ́pàá náà ní géètì náà ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n gbogbo ilé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì máa tì í.

“Ta lẹ mọ̀ nínú wọn?”

Rẹ̀mílẹ́kún ò mọ orúkọ ẹnì kankan. Ó ti ń gbé àdúgbò náà láti ìgbà tí Moyinolúwa ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Ìbànújẹ́ ló fi pe ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó ní ká ní ìjọba ibí yìí gba òun láyè láti ní ìbọn bí ti bàbá wọn ni, ọkàn òun ì bá ti balẹ̀. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Ìbọn bàbá yín? Èyí tí ìpẹtà ti jẹ kí n tó lóyún Ṣẹ̀san! Ṣé ìwọ gbọ́ ìró rẹ̀ rí?”

“Màámi, kí ló wá ń ṣọ́ wa nígbà náà?”

“Èèyàn ni. Àjèjì wo ló máa yà wọ àdúgbò wa tí ìyá Wùmí ò ní bi í pé ta ló ń wá? Bàbá yín á fọn fèrè, gbogbo ilé á tú jáde. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀, ọmọ mi.”

Nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, Rẹ̀mílẹ́kún din pọfupọ́ọ̀fù, òun àti Moyinolúwa sì ń kan ilẹ̀kùn kiri. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun ò ra nǹkan kan, ó pa ilẹ̀kùn dé. Moyinolúwa fẹ́ padà sílé. Ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé tó kàn.

Àbdùl, ará Sudan kan tó ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà, ló ṣílẹ̀kùn. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé tirẹ̀ àti tiwọn. Bí Rẹ̀mílẹ́kún ṣe ń ṣàlàyé, ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn, ó wá rọra sọ̀rọ̀.

“Wọ́n wọ ilé tiwa náà, kí wọ́n tó wọ tiyín. Ìyàwó mi kì í sùn dáadáa títí di báyìí.”

Ìbẹ̀rù kan náà ló ti ń ṣe wọ́n ní apá méjèèjì ògiri, kálukú sì ń dá tirẹ̀ jẹ.

Nílé tó wà ní ìkángun, ìyá àgbà òyìnbó kan tó ń jẹ́ Amelia ní kí wọ́n wọlé. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ojú fèrèsé òkè ló máa ń jókòó sí látàárọ̀. Ó gba pọfupọ́ọ̀fù, ó jẹ ẹ́, ó tún mú òmíràn.

“Mo rí wọn,” ló wí. “Àwọn méjì tó gbé kọ̀ǹpútà. Mo rò pé ẹ ń kó kúrò ni. Mi ò sì ní nọ́ńbà ẹnikẹ́ni tí mo lè pè.”

Moyinolúwa mú fóònù rẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀, ó dá gúrúùpù WhatsApp sílẹ̀ fún àdúgbò, ó sì kọ́ Màmá Amelia bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó pàǹtí jáde, kódà ẹni tó tilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú gbé ṣọ́bìrì wá. Àbdùl fi iná jó géètì náà pọ̀, ó fi àgádágodo tuntun sí i. Olúkúlùkù gba kọ́kọ́rọ́.

Ìgbà òtútù ò tíì parí nígbà tí àwọn olè tún wá. Rẹ̀mílẹ́kún wà lórí bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án náà, Moyinolúwa nìkan ló wà nílé, torí ó ti gbà láti máa gbìyànjú láti dá wà nílé díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin méjì ń mi géètì, ọ̀kan sì fẹ́ gùn ún. Màmá Amelia tẹ ìpè lórí gúrúùpù. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: Àbdùl, ìyàwó rẹ̀, ọkùnrin oníṣọ́bìrì, gbogbo wọn dúró, wọ́n ń wò wọ́n. Àwọn olè náà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ìgbà tí Rẹ̀mílẹ́kún páàkì bọ́ọ̀sì ló tó rí ìpè ọmọ rẹ̀. Ó pè é padà lójú ẹsẹ̀.

“Mummy, mi ò sá o! Èmi náà jáde. Mo pariwo lé wọn lórí, I swear. Ìyàwó Uncle Àbdùl wá dì mọ́ mi.”

“Ṣé o wà dáadáa?”

“Mo wà nílé wọn, à ń mu tíì. Ẹ má sáré.”

Rẹ̀mílẹ́kún jókòó sórí àga awakọ̀, ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tí ojú ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, Màmá Amelia sọ pé òun ò tíì dé ọjà Harpurhey láti ọdún tó kọjá. Lọ́jọ́ tí Rẹ̀mílẹ́kún ò lọ síbi iṣẹ́, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ìyá náà, ó na apá sí i.

“Ẹ dì mí mú, Mà. Ẹ rọra máa bọ̀.”

Ìyá àgbà náà ti múra sílẹ̀, ó kun ẹnu ní pupa, ó sì ní ẹja lòun máa kọ́kọ́ rà.