Ẹgbẹ́ Kékeré tí Bọ̀wálé Láyíwọlá Fẹ́ràn

Ọ̀rẹ́ mi Bọ̀wálé Láyíwọlá ti ń dìbò ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1992, kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tó dìbò fún tó wọlé rí. Mo ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo máa ń sọ fún un pé tí òjò bá pọ̀ jù, kó lọ dìbò fún òjò, á dá. Á rẹ́rìn-ín, á ní kí n lọ gba ìwé ọmọ ìlú ná kí n tó máa kọ́ òun ní òṣèlú. Kò purọ́. Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń gbé ìlú Humble nítòsí Houston, green card náà ni mo ṣì dì mú, nítorí mo ṣèlérí fún ìyá mi pé n kò ní búra fún ilẹ̀ mìíràn. N kò lè dìbò, n kò sì lè fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́ kankan. Òun ló yọ mí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Yàrá kan la jọ gbé nígbà tí a wá kàwé ní Houston. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ó bá ilé iṣẹ́ epo kan ṣiṣẹ́ ní Westchase títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọdún tó kọ́kọ́ dìbò, olówó kan ará Texas jáde du ipò ààrẹ láìsí lábẹ́ ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì. Nínú èèyàn márùn-ún tó dìbò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan dìbò fún un, síbẹ̀ kò mú ìpínlẹ̀ kankan. Mo rò pé inú Bọ̀wálé máa bàjẹ́, àfi bó ṣe ń yọ̀. Ó ní ṣé n kò rí i pé èèyàn tó pọ̀ tó báyìí ti sọ pé bí àgbà méjì ṣe ń pín ẹran ilé yìí kò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Àtìgbà yẹn ló ti ń ti inú ẹgbẹ́ kékeré kan bọ́ sí òmíràn. Èyí tó bá kú, á sin ín, á tún wá òmíràn lọ.

Ẹni tó bá bá a wọ mọ́tò láti Humble dé Sugar Land á gbọ́ ìtàn wọn, ó bi í o, kò bi í o. Á ní nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ń fi ọ̀rọ̀ ẹrú pa mọ́ nítorí ìbò, ẹgbẹ́ kékeré tí kò rí ìbò kankan mú bọ̀ ló dìde tó ní kò dára. Á ní àwọn àgbẹ̀ Texas tí owó òwú wọn kò tó wọn jẹun mọ́ kó ara wọn jọ, wọ́n wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí olówó máa san owó orí ju tálákà lọ, kí ará ìlú sì máa fọwọ́ ara wọn dìbò yan sẹ́nétọ̀. Wọ́n fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ẹgbẹ́ náà tú ká. Nígbà tó yá, àwọn ẹgbẹ́ ńlá gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn, ó di òfin, kò sẹ́ni tó rántí àgbẹ̀ mọ́. “Ẹgbẹ́ kékeré ló ń gbìn, ẹgbẹ́ ńlá ló ń kórè,” ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Mo bi í bóyá ẹni tó ń gbìn fún ẹlòmíràn kórè kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní bí ebi bá ṣáà ti kúrò nílùú.

Odò tí àwọn ará ibí ń pè ní bayou ń kọjá lẹ́yìn ilé rẹ̀. Nígbà ìjì Harvey, omi wọlé bá wọn dé àyà. Noah aládùúgbò rẹ̀, òyìnbó kan tó ń ṣe iṣẹ́ púlọ́ńbà, ló fi ọkọ̀ tó fi ń pẹja gbé òun àti Mojí ìyàwó rẹ̀ jáde. Mo ní orúkọ ọkùnrin náà bá iṣẹ́ tó ṣe lọ́jọ́ yẹn mu. Nígbà tí omi fà tán, àwọn méjèèjì pẹ̀lú àwọn aládùúgbò dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní agbègbè náà, wọ́n pè é ní Ẹgbẹ́ Odò. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju pé kí ìjọba má ṣe jẹ́ kí wọ́n kọ́lé ta sí ibi tí omi ń sùn, kí wọ́n sì gbẹ́ ọ̀nà fún omi kí òjò mìíràn tó dé.

Kí orúkọ ẹgbẹ́ tuntun tó lè wọ inú ìwé ìbò, ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òfin Texas wá ní ìkọ́ kan nínú: ẹni tó bá ti dìbò nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ńlá lọ́dún náà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ti ẹgbẹ́ kékeré. Tó bá fọwọ́ sí i, wọn á fagi lé e. Lẹ́ẹ̀mejì ni Ẹgbẹ́ Odò ti gbìyànjú tí èèyàn kò pé. Lọ́dún ìbò tó kọjá, orúnkún Bọ̀wálé ti ń dùn ún, dókítà sì ti ní kó yé dúró nínú oòrùn. Ó ní èyí ni àṣekẹ́yìn. Òun gan-an ni wọ́n fà kalẹ̀ fún ipò kọmíṣọ́nnà agbègbè, tó jẹ́ pé ìbò ni wọ́n fi ń yàn án níbí. Bí wọn kò bá wọlé, ó ní kò burú, kí òun ṣáà rí orúkọ ẹgbẹ́ àwọn lẹ́ẹ̀kan nínú ìwé ìbò kí òun tó kú.

Oṣù kejì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kú ní Ìkirè. Ó lọ sin ín, ó sì pẹ́ nílé. Ìgbà tó wà lọ́hùn-ún ni Olúwadámilọ́lá, ọmọ pásítọ̀ wọn, du ipò adájọ́, tí wọ́n ń fi ìbò yàn ní Texas, nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ńlá kan lóṣù kẹta. Ọmọ tí gbogbo wọn gbé jó ní ìkómọ ni. Ta ló máa jókòó sílé? Gbogbo ìjọ tú jáde, Mojí wà láàárín wọn. Ọmọ náà kò wọlé. Ó dùn wọ́n débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ ìbò mọ́. Nígbà tí Bọ̀wálé dé, ọ̀rọ̀ òkú ni wọ́n bá a sọ. Ta ló máa lọ bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, kó ní ẹgbẹ́ ńlá tí ẹ kò fẹ́ràn la lọ dìbò fún?

Mo lọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ ìdúpẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, ó kó àwọn ìwé rẹ̀ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé òfin. Díákónì Olúwaníyì kò jẹ́ kó débì kan. Nígbà tí ọkùnrin yẹn dé Amẹ́ríkà, Bọ̀wálé ló lọ gbé e ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, òun ló dúró fún un kó tó rí apartment, òun ló kọ́ ọ ní mọ́tò. Ó fi orúkọ ọmọ Bọ̀wálé pè é, ó ní, “Bàbá Tìmí, kí lẹ ń ṣàlàyé fún mi? Ẹ mú pen wá.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tí Bọ̀wálé kò ṣe lóore nínú wọn. Mojí ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Mo rí i tó wo ojú ọkọ rẹ̀ díẹ̀ kó tó kọ orúkọ rẹ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ni.

Bọ̀wálé wò ó pé tí òun bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè, á dà bí ẹni pé òun kò gbà wọ́n gbọ́. Ó jókòó. Noah ní kí àwọn ṣì máa wá èèyàn sí i, nítorí wọ́n máa ń fagi lé ọ̀pọ̀. Bọ̀wálé ní rárá, ó ti tó, èèyàn òun ni àwọn wọ̀nyí.

Ìgbà tí ìjọba yẹ àwọn ìwé náà wò tí èsì dé, mo wà nílé Bọ̀wálé, mò ń jẹ dòdò. Noah ló wọlé, ó rọra jókòó. Ó ní iye tó kù kò tó mọ́. Nínú àwọn àjèjì tó fọwọ́ sí i fún wọn níwájú ilé ìtajà, díẹ̀ ni wọ́n yọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ tán, nítorí wọ́n ti dìbò lóṣù kẹta. Ó bi Bọ̀wálé jẹ́jẹ́ bóyá ó bi wọ́n kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Mojí ti yọ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́ tó ti gbẹ.

Bọ̀wálé bi Mojí pé, “Ìwọ náà dìbò?”

“Mo dìbò fún Dámi.”

“O sì fọwọ́ sí tèmi.”

“Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìnkú dé, Bàbá Tìmí. Gbogbo ìjọ ń wò wá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé n kò ní fọwọ́ sí i fún ọkọ mi?” Ó tún nu ọwọ́ náà. “Òfin yẹn, ẹ ti sọ ọ́ títí, etí mi kò gbọ́ ọ mọ́.”

Mo ní kí Bọ̀wálé bínú, kó pariwo, ara á tù ú. Kò ṣe é. Ó kàn jókòó, ó ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Ó ní, “Àwọn àjèjì inú parking lot ilé ìtajà, kò sí èyí tí n kò bi. Àwọn tí kò fẹ́ mi ló sọ òótọ́ fún mi.” Mojí bú sẹ́kún. Inú bí mi sí ìwà rere wa yìí, tí a fi ń mú orí ẹni tí a fẹ́ràn wú, tí a sì ń jẹ́ kó lọ já sí kòtò.

Ní oṣù kọkànlá, èmi ni mo gbé e lọ dìbò, nítorí orúnkún rẹ̀. Kò pẹ́ nínú ibẹ̀. Bó ṣe jáde, mo bi í ta ló dìbò fún, ó ní ẹni tó rí níbẹ̀ ni, obìnrin inú ẹgbẹ́ ńlá kan tó ń du ipò kọmíṣọ́nnà. Fèrèsé ló kọjú sí títí a fi dé ilé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i nínú ìròyìn pé obìnrin náà wọlé. Mo tẹ Bọ̀wálé láago. Yẹ̀yẹ́ ti wà lẹ́nu mi pé nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, ẹni tó dìbò fún wọlé lónìí, kú oríire. Ó gbé fóònù, ó ní òun ti gbọ́. N kò lè sọ ọ́ mọ́. Mo kàn bi í pé orúnkún ńkọ́.