Ọjọ́ Tí A Lọ Parí Ìjà Dókítà àti Ìyàwó Rẹ̀

Ìpá tó wà lára bàbá mi ti pẹ́ níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ayálégbé Ìkirè lọ. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ jókòó, wọ́n á rọra fi ọwọ́ gbé e bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ. Àfìgbà tó há lọ́jọ́ kan, tí dókítà kan l'Ápòmù bá wa tì í padà, tó sì kìlọ̀ pé bó bá tún há, ó lè pa wọ́n kí a tó dé ọsibítù. Ó dá Ọjọ́bọ̀ fún wa láti wá ṣe iṣẹ́ abẹ.

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ajé, èmi àti bàbá mi jọ ń wo eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n, eré àwọn dókítà òyìnbó ayé àtijọ́, àwọn tó ń wọ kóòtù dúdú ṣiṣẹ́ abẹ lábẹ́ àtùpà. Lọ́jọ́ yẹn, dókítà inú eré náà bá ìyàwó rẹ̀ jà nídìí oúnjẹ àárọ̀, ó fi ìbínú jáde, kò dágbére. Nígbà tó di ọ̀sán, ọkùnrin tí wọ́n tẹ́ síwájú rẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni yóò ba bàbá mi lẹ́rù. Rárá o. Wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní àwọn ti rí ohun tó pa ọkùnrin náà.

“Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde,” ni wọ́n wí. “Ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà kò ní í fi abẹ kàn mí. Lọ wádìí dókítà tiwa wá.”

Akọ̀wé káńsù ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìntì. Ẹni tó bá máa bá wọn jiyàn gbọ́dọ̀ ti jẹun yó. Mo ní eré lásán ni. Wọ́n ní ṣebí a máa ń wádìí ilé kí a tó gbé ìyàwó, ẹni tó sì máa la ara àwọn ju àna lọ. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun mọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí gan-an, àmọ́ ìbínú ló máa ń tètè yá mi lára.

Mo sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tí a ń pè ní Màmá, kí wọ́n lè bá àbúrò wọn wí. Àṣìṣe gbáà. Màmá ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni bàbá mi sọ. Wọ́n wé gèlè, wọ́n di dòdò sínú ọ̀rá, wọ́n ní kí n dá ọkọ̀ dúró. Báyìí la ṣe gbéra lọ sí Àpòmù, láti lọ parí ìjà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa pé ó wà.

Ìyàwó dókítà ló ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń wá sẹ́nu nígbà tí Màmá béèrè tààrà, lórí ìdúró, pé ṣé àlàáfíà wà láàárín obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀. Obìnrin náà wo dòdò, ó wo Màmá, ó bú sẹ́kún.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti bára wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Eré tí bàbá mi wò yẹn gan-an ló sì dá ìjà náà sílẹ̀. Ọkọ kì í jẹ́ kí ìyàwó gbádùn rẹ̀: bí àwọn dókítà inú eré bá mú ọ̀bẹ, yóò ní bí wọ́n ṣe ń mú un kọ́ nìyẹn; bí wọ́n bá ń rán egbò, yóò ní òwú yẹn máa já. Ìyàwó bínú, ó gbé rìmóòtù pamọ́, ó ní kí ọ̀gbẹ́ni tó mọ ohun gbogbo lọ máa se oúnjẹ ara rẹ̀.

Màmá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, kí wọ́n pe dókítà. Ó jáde tòun ti ṣòkòtò péńpé. Màmá gbọ́ tẹnu òun náà, wọ́n sì dájọ́: dókítà kò gbọdọ̀ lanu mọ́ bí eré bá ń lọ, àyàfi bí ìyàwó bá bi í, ìyàwó sì gbọ́dọ̀ dá rìmóòtù padà. Ọkùnrin tó ti fi abẹ kan ìdajì ará Àpòmù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. N kò mọ ibi tí mo máa gbé ojú sí.

Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ tún sọ̀rọ̀. “Màmá, lọ́jọ́ tó bá máa ṣe iṣẹ́ abẹ, ìdájí ló máa ń jí mi, á ro gbogbo bó ṣe fẹ́ ṣe é fún mi, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ̀rù máa ń bà á. Látìgbà tí a ti ń jà yìí, fìríìjì ló ń rò ó fún.”

Dókítà ń wo ilẹ̀.

Nígbà tí a padà dé Ìkirè, Màmá ní tọkọtaya ti jọ jẹ dòdò. Bàbá mi kò béèrè nǹkan mìíràn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ọsibítù.

Lọ́jọ́bọ̀, bàbá mi kọ́kọ́ bi dókítà léèrè ohun tó jẹ láàárọ̀ àti ẹni tó sè é, kí wọ́n tó gbà láti wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo jókòó síta. Mo bá nọ́ọ̀sì jà nítorí àga, mo bá Màmá jà nítorí pé tẹ̀súbáà wọn ń pariwo. Bí bàbá mi bá kú, èmi ni mo ti wọn wá síbẹ̀.

Nígbà tó yá, dókítà jáde, ó fa ìbòmú rẹ̀ wálẹ̀. Mo dìde. Ó kọjá lára mi bíi pé n kò sí níbẹ̀, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé fóònù sétí. Èébú ti dé orí ahọ́n mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ìyàwó mi,” ló wí, “Bàbá ti jí.”