Ọjọ́ Tí Kíráísíìsì Yé Mi

Ọjọ́ tí ibà fẹ́ gba àbúrò mi lọ́wọ́ wa ní Òkèhò ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, tíṣà wa kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sójú pátákó: kíráísíìsì. Wọ́n ní ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀ ni, tó lè dára, tó sì lè bàjẹ́. Wọ́n ní ká fi ṣe gbólóhùn kan wá láti ilé.

Mo délé, mo bá Dẹ́bórà àbúrò mi tó ti dákú. Èmi àti ìyá àgbà wa sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì fa omi sí i lára, wọ́n ń pè é, "Dẹ́bórà! Dẹ́bórà!" Kò dáhùn.

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "Màmá, kíráísíìsì rèé o."

Ìyá àgbà kọjú sí mi. "Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní ó lè yè, ó sì lè má yè."

"Ó ṣì wà níbí nìyẹn." Ni wọ́n bá ń fi oríkì pè é: "Àṣàkẹ́! Àṣàkẹ́ mi ò!" Wọ́n pè é títí ohùn wọn fi há.

Mo gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan: "Mà."

Lọ́jọ́ kejì, mo ka gbólóhùn mi fún tíṣà: kíráísíìsì ni ìgbà tí ìyá àgbà ń pe Àṣàkẹ́, tí Àṣàkẹ́ kò tíì dáhùn.