Àdúrà Kí Ìbọn Tó Dún

Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ síkiọ́ríìtì ní ilé ìtajà ńlá Vicarage Field ló mú mi lọ sí kílọ́ọ̀bù ìbọn ní Dagenham, lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba àlejò. Mo gbé ojú lé awò tó ń fa nǹkan súnmọ́ni lórí ìbọn, òbìrìkítí dúdú ara páálí tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí ní yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sì kún ojú mi bí ẹnu ife. Mo fa ìbọn. Ihò kan tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ lu láàrin rẹ̀ gan-an. Ọkàn mi ò bá mi padà sílé.

Mo forúkọ sílẹ̀ ní kílọ́ọ̀bù náà, láti ọjọ́ náà ni mo sì ti ń fi ìwé àti fídíò kọ́ ara mi. Mo mọ̀ pé kókó méjì tí à ń yí ló wà lára awò: ọ̀kan ń gbé ọta sókè sódò, èkejì ń gbé e sọ́tùn-ún sósì. Mo mọ̀ pé èèyàn á mí síta dé ìdajì, á dúró, á wá fi orí ìka fà á díẹ̀díẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ yìí, ọta mi ṣáà ń yà sósì. Mo bú awò. Mo pààrọ̀ irú ọta. Mo bú atẹ́gùn, bẹ́ẹ̀ inú ilé la ti ń yìn ín.

Ẹni tó bá máa wọ ẹgbẹ́ tó ń bá kílọ́ọ̀bù mìíràn díje gbọ́dọ̀ gba márùndínlọ́gọ́rùn-ún lórí páálí kan: ọta mẹ́wàá, máàkì mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi kì í kọjá mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Àyè kan ṣoṣo ló kù, Sátidé ni wọ́n sì máa dí i. Mo sì ti sọ fún àwọn ará ìjọ Aládùúrà wa ní àdúgbò Whalebone pé mo ti wọlé! Wọ́n ti ń pè mí ní Bọ̀dá Ọlọ́dẹ.

Nígbà tí Sátidé pé, ìyàwó mi ní òun á wá wo ọdẹ tí kì í gbé ẹran wálé. Wọ́n fún un ní ohun tí a fi ń bo etí. Mo kọ́kọ́ yìnbọn sí páálí kan láti dánra wò. Ọwọ́ òsì náà ni ọta tún yà sí.

“Dádì, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ nínú ìbọn yẹn?”

“Mi ò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀.”

“Ẹnu yín ń mì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín náà ń mì. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mò ń wò yín.”

“Ní orúkọ Jésù” ni. Nínú ìjọ wa, ẹnikẹ́ni kì í ṣí ìkòkò láìsọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé mò ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń fa ìbọn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á yẹ̀ lórí ìdí ìbọn, ojú mi á kúrò láàrin awò, ọta á yà.

“Ṣé kí n má gbàdúrà mọ́ ni?”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ gbà á tán kí ẹ tó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Èmi ni wọ́n bò létí, wọn ò bo Ọlọ́run.”

Nígbà tó kan páálí ìdánwò gan-an, mo gba àdúrà kan tó gùn fún ọta mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, títí ìyá òyìnbó tó ń ṣàkóso ibẹ̀ fi wo aago. Mo pa ẹnu dé. Mẹ́sàn-án wọ àárín, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba mẹ́wàá. Nígbà tó ku ẹyọ kan, ẹnu mi fúnra rẹ̀ ní, “Bàbá, ẹ ṣé o,” kí ọta tó jáde. Méje ló gbà.

Ìyá òyìnbó ṣírò ó, ó kọ orúkọ mi mọ́ ẹgbẹ́: mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.