Ẹran Àgbàsìn Mẹ́rin

Òórùn oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ọ́fíìsì wa ní Òmù-Àrán, lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn òbúkọ yóò tó dé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ òórùn oògùn yẹn níbikíbi, àárẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mú mi. Yàrá méjì péré ni ọ́fíìsì náà. Firíìjì kan wà níbẹ̀ tí kì í tutù àfi bó bá wu iná láti dé, pẹ̀lú tábìlì onírin kan tí a fi bíríkì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sókè. Dókítà ẹran mẹ́ta ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ọ̀kan ti fẹ̀yìn tì, ọ̀kan ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ sí òkè òkun, ó wá ku èmi nìkan, obìnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, tí gbogbo ìlú ń pè ní dókítà ewúrẹ́. Ìyá mi kò fẹ́ràn orúkọ yẹn rárá. Bí wọ́n bá bi í ní Ọ̀yọ́ pé iṣẹ́ wo ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, á ní dókítà ni, á sì yára béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ tiwọn kí wọ́n má baà béèrè irú dókítà tó jẹ́.

Ọdún tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọyẹ́ mú gan-an, kata sì bọ́ sáàárín àwọn ewúrẹ́. Àrùn burúkú ni kata. Imú ewúrẹ́ á máa ṣe ọ̀fìnkìn, ojú rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀, egbò á bo ẹnu rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti kú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, àmọ́ àfi kí a gún un kí àrùn tó dé. Bó bá ti wọlé tán, ẹjọ́ ti di ti Ọlọ́run. Láti ọ̀nà Òrò-Àgó dé Ìgbàjà, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo wà lójoojúmọ́, kúlà tí mo kó abẹ́rẹ́ àti yìnyín sí wà lórí itan mi, eruku pupa sì ń wọ̀ mí lójú. Mo máa ń sùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Mi ò sọ eléyìí kí o lè káàánú mi. Mò ń sọ ọ́ nítorí pé òun ni mo fi ṣe àwáwí fún ìgbà pípẹ́.

Ní Àrán-Ọ̀rin, ìyá kan wà tó tó ọmọ ọgọ́ta ọdún, opó ni, àgbàsìn sì ni iṣẹ́ rẹ̀. O mọ àgbàsìn. Ẹni tó fẹ́ ní ewúrẹ́ ṣùgbọ́n tí kò sí nílé, pàápàá àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó, á ra abo ewúrẹ́ fún ẹni tó wà nílé pé kó bá òun sìn ín. Bó bá bí méjì, ẹni tó ni ín á mú ọ̀kan, ẹni tó ń sìn ín á mú ọ̀kan. Kò sí ìwé kankan níbẹ̀. Etí ni ìwé wọn. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń gé etí ẹran tiwọn: àwọn kan á là á ní ṣónṣó, àwọn kan á bu ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹran àgbàsìn bá wá kú, ẹni tó ń sìn ín á gé etí náà, á fi iyọ̀ pa á, á sá a kó gbẹ, á sì tọ́jú rẹ̀ di ọjọ́ tí ẹni tó ni ẹran bá wálé. Etí yẹn ló máa jẹ́rìí sí i pé ẹran kú ni, wọn kò tà á, wọn kò sì pa á jẹ. Èmi kò mọ èyí nígbà náà. Ìgboro ni mo dàgbà sí, inú ìwé ni mo sì ti kọ́kọ́ mọ ewúrẹ́.

Nígbà tí ìyá yìí ránṣẹ́ pè mí, tí mo sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ewúrẹ́ méje ti kú. Ó tẹ́ wọn sábẹ́ igi máńgòrò, ó sì da aṣọ àtijọ́ bò wọ́n dé ọrùn bí ìgbà tí èèyàn bá da aṣọ bo ọmọ tó sùn. Mẹ́ta jẹ́ tirẹ̀. Mẹ́rin yòókù jẹ́ ẹran àgbàsìn, ọkùnrin ọmọ ìlú kan tó ń ta irin ìkọ́lé ní Èkó ló ni wọ́n. Mẹ́fà míì tí àrùn kò tíì mú ṣì wà lórí ìso, ẹran àgbàsìn ni àwọn náà, ti àwọn èèyàn míì ládùúgbò. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ohùn Ìgbómìnà tí mi ò lè gbọ́ tán. Bó ṣe rí mi ló yí ohùn padà kí n lè gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò. Ọkùnrin méjì ládùúgbò gbẹ́ ẹ lẹ́yìn ilé, nítòsí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì jìn dé àyà wọn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa kó àwọn ẹran náà sínú rẹ̀, ìyá náà mú ọ̀bẹ kékeré kan jáde láti inú ilé.

Ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gé etí mẹ́rin yìí kí wọ́n tó wọlẹ̀. Ẹran àgbàsìn ni.”

Mo ní, “Rárá o, Mọ́mì. Àrùn wà lára wọn. Bí wọ́n ṣe wà yẹn ni kí wọ́n kó wọn sí i.”

“Etí lásán ni. Kí ni n ó wá fi han ẹni tó ni wọ́n?”

“Ẹ ṣáà sọ fún un pé dókítà ló ní kí ẹ sin wọ́n.”

Ó ní, “Kò burú,” ó sì mú ọ̀bẹ rẹ̀ padà wọlé.

Jẹ́ kí n sọ òtítọ́ ibẹ̀ fún ọ. Ìgò tí a máa ń rẹ ẹ̀yà ara ẹran sí wà nínú àpò mi, oògùn rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ wa pàápàá ní kí n mú nǹkan díẹ̀ lára òkú ẹran bẹ́ẹ̀ kí n fi ránṣẹ́ sí Ìlọrin fún àyẹ̀wò. Etí mẹ́rin á wọ inú ìgò yẹn wẹ́rẹ́, àrùn kankan ò sì ní bá a jáde. Ṣùgbọ́n mo ní láti jókòó kí n wọ ìbọ̀wọ́, kí n gé e, kí n kọ orúkọ sí i, kí n fọ ọwọ́ mi. Abúlé kẹta tí mo dé lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ọlọ́kadà ti ń tẹ fèrè lẹ́nu ọ̀nà, yìnyín ti di omi nínú kúlà, gbogbo ohun tó wù mí láyé kò ju kí n dé orí ibùsùn mi lọ. Mo fún àwọn mẹ́fà tó kù ní abẹ́rẹ́, mo gun ọ̀kadà, mo lọ. Àwọn mẹ́fà náà yè é. Inú mi tilẹ̀ dùn lọ́nà pé mo ṣe iṣẹ́ mi dáadáa.

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí ọkùnrin Èkó náà wálé wá ṣe àdúà ogójì ọjọ́ ìyá rẹ̀ tó kú. Ó fẹ́ pa méjì nínú àwọn ẹran rẹ̀ fún àdúà náà, ó sì ránṣẹ́ sí ìyá yìí pé kó mú wọn wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ìyá náà lórí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì wa, ó ti débẹ̀ kí n tó dé. Ìbòrí funfun ló wé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku.

“Dókítà, wọ́n ní mo ti ta ẹran.”

Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo mú ìwé kan, mo kọ ọ́ ní òyìnbó tó gbóná pé ẹran mẹ́rin kú, pé àrùn ló pa wọ́n, pé ọ́fíìsì ló pàṣẹ kí a sin wọ́n. Mo lu òǹtẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá náà fẹ́ gé etí wọn, pé èmi ni mo kọ̀ fún un. Bí mo bá kọ ìyẹn sílẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá kà á ní Ìlọrin lè bi mí pé kí ló dé tí èmi fúnra mi ò mú nǹkan kan lára àwọn ẹran náà. Ìyá náà kò mọ ìwé kà. Ó yí bébà náà síwá sẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “Ṣé ọ̀rọ̀ etí wà níbẹ̀?”

Mo ní, “Gbogbo ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ló wà níbẹ̀, Mọ́mì.”

Ìdáhùn yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó tilẹ̀ gbàdúrà fún mi pé Ọlọ́run á fún mi lọ́kọ rere.

Ìwé náà kò ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọkùnrin Èkó yẹn kà á, ó ká a, ó sì dá a padà fún un. Ó ní ìwé ọ́fíìsì, ta ni kò lè rí i gbà? Ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ìwé ò lójú. Nígbà tí mo tún dé Àrán-Ọ̀rin kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, okùn mẹ́fà ni mo rí lára èèkàn ní àgbàlá ìyá náà, kò sì sí ẹran kankan nídìí wọn. Mo rò pé kata ti padà wá. Ó ní rárá, àwọn tó ni wọ́n ló wá kó wọn. O mọ bí àwọn èèyàn wa ṣe ń ṣe. Kò sẹ́ni tó bú u, kò sẹ́ni tó pè é lólè lójú rẹ̀. Wọ́n kàn ń yọ wá lọ́kọ̀ọ̀kan ni, wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á ní àwọn fẹ́ fi ẹran náà ṣe nǹkan kan, wọ́n á sì fà á lọ. Ẹ̀kùrọ́ ló ń fọ́ lọ́jọ́ náà fún obìnrin kan tó ń ṣe àdín. Òkúta rẹ̀ ń dún lọ kọ́, kọ́, kọ́, kò sì gbójú sókè.

Mi ò lè sùn dáadáa lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọjọ́ ọjà Òmù-Àrán, mo ra abo ewúrẹ́ kan tó dára, mo gbé e lọ fún un pé kó bá mi sìn ín. Mo rò pé bí àwọn ará ìlú bá rí i pé dókítà fúnra rẹ̀ gbé ẹran fún un sìn, ọ̀rọ̀ á tán. Ó ya ẹnu ewúrẹ́ náà wò, ó fọwọ́ kan ọmú rẹ̀, ó yìn ín. Lẹ́yìn náà, ó fi okùn rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

“Ewúrẹ́ dáadáa ni, Dókítà. Bí mo bá gbà á, wọ́n á ní ẹ̀ ń ṣàánú olè ni. Kì í ṣe ewúrẹ́ ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin mọ̀ pé mo béèrè.”

Kò pariwo. Bó bá pariwo ni, ǹ bá rí nǹkan fi dá a lóhùn. Mo ní nígbà tí ọkùnrin náà bá tún wálé, kó ránṣẹ́ sí mi.

Ó ránṣẹ́. Nínú pálọ̀ agbo ilé wọn ni a ti bá ọkùnrin náà, òun àti àbúrò bàbá rẹ̀, bàbá arúgbó kan tó ń ka tẹ̀sùbáà lórí àga. Ìyá náà jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan wà tí mi ò kọ sínú ìwé mi. Ìyá yìí mú ọ̀bẹ jáde, wọ́n fẹ́ gé etí ẹran yín, èmi ni mo ní kí wọ́n má gé e.”

Ọkùnrin náà ní, “Kí ló wá dé tí ẹ ò kọ ọ́?”

Mo ní, “Ojú tì mí ni, sà. Ó yẹ kí èmi fúnra mi gé e. Ó rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà ni.”

Bàbá arúgbó náà dá tẹ̀sùbáà rẹ̀ dúró. Ó kọjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, “Ṣé o gbọ́? Ẹni tó ta ẹran, etí wo ni yóò tún máa béèrè?”

Ọkùnrin náà bọ́ fìlà rẹ̀, ó dìde kúrò lórí àga, ó sì dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá náà. Ó ní òun ṣẹ̀ wọ́n. Ó ní kí òjò tó rọlẹ̀ dáadáa, òun á gbé abo ewúrẹ́ méjì wá. Mo rò pé ìyá náà á bú sẹ́kún, tàbí kó yọ̀. Ó ní, “Mo gbọ́. Ọlọ́run á dárí ji gbogbo wa. Ẹ jẹ́ n sinmi ná.” Bí a ṣe ń jáde, ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ó gba ẹran sìn lọ́wọ́ ọkùnrin náà àti àwọn ará àdúgbò nígbà tó yá, ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn tó kó ẹran wọn lọ kò dá a padà mọ́ láé, ojú sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹra fún ara wọn lọ́nà. Mi ò ní kí o gbà pé mi ò ṣiṣẹ́ lọ́dún yẹn. Ó rẹ̀ mí lóòótọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé bí àárẹ̀ bá mú mi tí mo sì fi nǹkan kan sílẹ̀, nǹkan náà kì í wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹlòmíràn ló máa ń gbé e. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí ìkúnlẹ̀ yẹn kò gbà mí ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó lé ní oṣù mẹ́rin tí ìyá yẹn fi bá mi rù ú.