Ìdáhùn Kan Ṣoṣo Lẹ́nu Ẹni Mẹ́sàn-án

Ọwọ́ òsì mi kì í nà tán mọ́. Níbi ìdìbò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni àwọn jàǹdùkú ti fi igi ṣẹ́ ẹ, nítorí pé ẹnì kan sọ ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ dìbò fún létí wọn. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ọ̀rọ̀ òṣèlú, "Ọlọ́run á yan èyí tó dára fún wa" ni mo máa ń sọ.

Èmi yìí kan náà ni mo wá gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìwádìí kan, kí n máa bi àwọn èèyàn léèrè ẹni tí wọ́n máa dìbò fún. Níbi tí wọ́n ti kọ́ wa ní Ìjàgun, wọ́n ní kí á ya ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, kí á bi í ní òun nìkan. Ó dà bíi pé ẹni tó kọ òfin yẹn kò wọ agboolé rí.

Ní agboolé àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀ kí bàbá tó dàgbà jù níbẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n gbé àga wá, ó sì jókòó tì mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, wọ́n ní kí n bi wọ́n níkọ̀ọ̀kan ni."

"Kí lo fẹ́ bi ìyàwó ọmọ mi tí mi ò gbọdọ̀ gbọ́? Àbí o fẹ́ bá a wá ọkọ mìíràn?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá ló kọ́kọ́ dáhùn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ wo ojú rẹ̀ fìrí, ó ní, "Ti bàbá náà ni tèmi, mà." Báyìí ni ẹni mẹ́sàn-án ṣe fún mi ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Nígbà tí ìyàwó náà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó rọra béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni ò ní rí orúkọ wa, àbí?"

Mo ní kò sẹ́ni tó máa rí i. Inú ìwé kékeré kan lọ́wọ́ mi ni orúkọ àti àdírẹ́sì wọn wà.

Nígbà tí èsì ìdìbò jáde, ẹlòmíràn, kì í ṣe ẹni tí bàbá dárúkọ, ló wọlé ládùúgbò náà. Iléeṣẹ́ pè wá kí wọ́n lè fi ìwádìí wa wé èsì yẹn. Ọ̀gá wa, ọmọ tí mo lè bí, na ìwé tí mo kọ ìdáhùn wọn sí sí mi.

"Mà, ẹni mẹ́sàn-án, ìdáhùn kan! Abẹ́ igi lẹ jókòó sí tí ẹ fi kọ gbogbo èyí."

Mo ṣàlàyé pé bàbá jókòó tì wá.

"Ṣé bàbá tẹ̀lé wọn dé ìdí àpótí ìbò náà ni?"

"Rárá o. Ìdí tí èsì fi yàtọ̀ nìyẹn."

Ó ní kí n mú àdírẹ́sì wọn wá, kí àwọn lọ bi wọ́n bóyá mo débẹ̀, àti ẹni tí wọ́n dìbò fún gan-an. Wọ́n tún fẹ́ lọ béèrè níwájú bàbá! Ta ló sì mọ ọwọ́ tí ìwé náà máa bọ́ sí? Ọwọ́ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Mo ní ìwé kékeré tí àdírẹ́sì wà nínú rẹ̀ ti sọnù. Lójú mi ló ṣe kọ ọ́ pé mo ṣe ayédèrú. Nígbà tí mo délé, mo ki ìwé kékeré náà bọ iná ìdáná.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ àwọn iléeṣẹ́ náà lórí rédíò. Wọ́n ti yọ gbogbo agboolé tí mo lọ kúrò, wọ́n wá fi ìyókù wé èsì ìdìbò, wọ́n ní ìwádìí àwọn péye. Èyí tó bá wọn mu nìkan ni wọ́n fi díwọ̀n ara wọn! Èmi tí mo kọ ohun tí wọ́n sọ fún mi gẹ́lẹ́ ni òpùrọ́.

Mo pàdé ìyàwó ọmọ bàbá lọ́nà Ọ̀dọ̀gbólú. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé yẹn ńkọ́?"

"Ó ti jóná."

Ó mí kanlẹ̀. Mi ò sọ ohun tí wọ́n ń pè mí níléeṣẹ́ fún un.