Aṣọ Nọ́ọ̀sì Fadékẹ́

Tí ẹ bá gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé ní Laranto nílùú Jos, ọ̀dọ̀ Fadékẹ́ nìyẹn. Aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì ló ń rán. Ẹ má rò pé aṣọ rírán ló wù ú láti kékeré o.

Ọmọ ọdún méje ni nígbà tó ti ń fi ewé máńgòrò di ẹsẹ̀ ewúrẹ́ àdúgbò. Bàbá rẹ̀, akọ̀wé reluwé, á ní, "Nọ́ọ̀sì mi, wá wo orúnkún mi." Bàbá dáa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wọkọ̀ ojú irin dé Jos, kò padà sílé rẹ̀ lápá Ọ̀ṣun mọ́. Kò kọ́lé síbẹ̀, kò sin òkú níbẹ̀. Báwọn ọmọ bá bèèrè agboolé wọn, á ní, "Ẹ̀gbẹ́ ọjà ni." Bó ṣe kú nìyẹn. Ìyá wọn, ọmọ Ìlọrin, kò débẹ̀ rí.

Ní 1978, Fadékẹ́ yege ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ náà ní, "Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú rẹ dà?"

"Jos ni wọ́n bí mi sí."

"Mo gbọ́. Níbo ni wọ́n bí bàbá ẹ sí? Lọ gbàwé wá níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì péré lo ní."

Ó wọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú bàbá rẹ̀. Nígbà tó kúnlẹ̀ níwájú baálẹ̀, "Sannu, bàbá" ti Hausa ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá wo Gàm̀bàrí tó ń kúnlẹ̀ bíi tiwa!"

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni baálẹ̀ wí. "Agboolé wo ni bàbá ẹ?"

"Ẹ̀gbẹ́ ọjà."

"Ọmọ mi, agboolé mẹ́rìndínlógún ló yí ọjà yìí ká. Ojú ẹ jọ ojú ọmọ wa, àmọ́ mi ò lè fọwọ́ sí ojú. Wá ẹni tó mọ bàbá ẹ."

Ọjọ́ mẹ́wàá ló fi ń ti ilé dé ilé. Wọ́n fún un lómi, wọ́n fún un ní àkàrà. Kò sẹ́ni tó mọ bàbá rẹ̀. Nígbà tó fi padà dé Jos, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọlé ẹ̀kọ́. Kí ni kó ṣe? Ìyá rẹ̀ fà á lé télọ̀ lọ́wọ́.

Rosaline, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó rí ìwé gbà, ló di nọ́ọ̀sì. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, nítorí náà Fadékẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń wọ aṣọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò kó tó ṣẹ́ etí aṣọ náà.

Bó ṣe wọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 1986 nìyẹn, tí obìnrin kan já wọlé tòun tọmọ lẹ́yìn.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí! Ọmọ yìí ò lajú mọ́!"

"Ìyá, télọ̀ ni mí."

"Haba! Ẹ má fi mí ṣeré, ẹ ṣàánú mi!"

Fadékẹ́ gba ọmọ náà. Ara rẹ̀ gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Abẹ́rẹ́ aṣọ nìkan ni wọ́n mọ̀. Ó sáré jáde, ìyá ọmọ ń tẹ̀ lé e, wọ́n wọ takisí dé ọsibítù.

Máigádì ṣí géètì gbayawu fún un. "Sannu, sísítà!"

Nọ́ọ̀sì kan sáré wá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti ìyá ọmọ wọlé. Máigádì ṣì di géètì mú, ó ń dúró dè é.

Fadékẹ́ ò lè wọlé, aṣọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wọ̀. Ó dúró síbẹ̀, àwọn píìnì ṣì wà létí aṣọ náà, wọ́n ń gún un lójúgun.